Abẹ́rẹ́ hepatitis B tó yẹ kí ọmọ gbà kí wákàtí 24 tó pé: Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò fi ń rí i gbà?

Bí wọ́n bá bí ọmọ kan ní Nàìjíríà lónìí, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà kí irú àkókò yìí tó pé lọ́la.

Abẹ́rẹ́ náà kò wọ́n. Iye tí wọ́n ń tà á fún àwọn ìjọba kò tó dọ́là kan. Ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ọmọ gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà láti ọdún 2004.

Síbẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2024 pé ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tuntun ló ń rí abẹ́rẹ́ yìí gbà ní ẹkùn Áfíríkà.

Ẹkùn yìí kan náà ni ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àrùn hepatitis B lágbàáyé wà. Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí WHO kà sí ibi tí hepatitis B àti C ti pọ̀ jù.

Kí ló dé tí ohun tó rọrùn báyìí fi ń ṣòro láti ṣe? Àlàyé rèé.

Kí ni hepatitis?

Hepatitis túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ wú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní àrùn mẹ́dọ̀wú lédè Yorùbá.

Ọtí àmujù àti àwọn oògùn kan lè mú kí ẹ̀dọ̀ wú, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa èyí tó máa ń ràn láti ara ẹnì kan sí òmíràn. Oríṣi márùn-ún ni àwọn onímọ̀ mọ̀: A, B, C, D àti E.

Hepatitis A àti E máa ń gba inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé sára. Lọ́dún 2017, hepatitis E bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Borno, láàárín àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò nílé. Omi tó mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára àti ọwọ́ fífọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó ń dènà àwọn méjèèjì yìí.

Hepatitis B àti C ní tiwọn ń gba inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjèèjì ló lè fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hepatitis D kì í dá wá, ẹni tó bá ní B nìkan ló lè kó o.

WHO sọ pé lọ́dún 2022, èèyàn mílíọ̀nù 254 ló ní hepatitis B lára, tí mílíọ̀nù 50 sì ní C. Àrùn náà pa èèyàn mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún yẹn, èyí tó jẹ́ bíi èèyàn 3,500 lójúmọ́. Hepatitis B ló pa ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe lọ́dún 2018 lórí HIV, tí wọ́n ń pè ní NAIIS, tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò fún hepatitis. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní B, ìdá 1.1 sì ní C.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú ọkọ̀ akérò tó gba èèyàn méjìlá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní hepatitis B. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn tó ní B tàbí C ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 20.

Ohun tó mú kí àrùn yìí burú ni pé kì í pariwo. Ẹni tó ní in lè máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó sì máa bímọ láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Nígbà tí ibà pọ́njú bá fi máa yọjú, tàbí tí ikùn bá fi máa wú, ẹ̀dọ̀ lè ti gbẹ, tàbí kí jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́.

Nínú àwọn tó ní hepatitis B lágbàáyé, ìdá 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣe àyẹ̀wò tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀, gẹ́gẹ́ bí WHO ṣe sọ. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú kò ju ìdá 3 lọ.

Báwo ni hepatitis B ṣe ń ràn?

Àwọn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nìyí:

• Láti ara ìyá sí ara ọmọ nígbà tó bá ń bí i.

• Láàárín àwọn ọmọdé tó jọ ń gbé, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ojú egbò ẹnì kan bá kan egbò ẹlòmíràn.

• Ìbálòpọ̀ láì lo rọ́bà ìdáàbòbò pẹ̀lú ẹni tó ní in.

• Abẹ́rẹ́ tàbí sírínjì tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn.

• Abẹ àti bíléèdì tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n fi dákọ́ tàbí kọlà, tí wọ́n fi fá irun tàbí gé èékánná, tí wọn kò sì sè tàbí pààrọ̀ kí wọ́n tó lò ó fún ẹlòmíràn.

• Gbígba ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa sára.

Kòkòrò hepatitis B lágbára. Ó lè wà láàyè lẹ́yìn tó bá jáde lára èèyàn fún ó kéré tán ọjọ́ méje. Ìdí nìyẹn tí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lójú rẹ̀ ṣì fi lè kó o ran èèyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ràn tí èèyàn bá jẹun pọ̀ nínú àwo kan, tó dì mọ́ra, tó bọ ara lọ́wọ́, tàbí tó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà. Ikọ́ tàbí sísín kì í gbé e. Ìyá tó ní in sì lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù?

Ọjọ́ orí tí èèyàn wà nígbà tó kó àrùn náà ló máa ń pinnu ohun tí yóò ṣe fún un.

Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá kó hepatitis B, ara rẹ̀ á sábà lé e jáde fúnra rẹ̀. Àwọn tó máa ń kù sí lára kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ti ọmọ ìkókó yàtọ̀ pátápátá. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó kó o nígbà tí wọ́n ń bí wọn, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní kúrò lára wọn mọ́. Ara ọmọ tuntun kò tíì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé, kò sì ní bá kòkòrò náà jà. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò á ṣe máa bá ọmọ dàgbà.

Ọmọ yìí lè pé ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, kó ti ní iyàwó tàbí ọkọ, kó ti máa tọ́ ọmọ tirẹ̀, kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó wá yọjú.

Ìgbà ìbímọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ìyá sábà máa ń kan ọmọ. Bí ọmọ bá tètè gba àjẹsára, ara rẹ̀ á kọ́ bó ṣe máa bá kòkòrò náà jà kí ó tó ráyè fìdí múlẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọdẹ aṣọ́lé dé kí olè tó rí ibi fara pamọ́ sí. Bí wákàtí ṣe ń kọjá ni agbára abẹ́rẹ́ náà láti dá àrùn ìyá dúró ń dín kù.

Ìdí nìyẹn tí WHO fi sọ láti ọdún 2009 pé kí gbogbo ọmọ, níbi gbogbo lágbàáyé, gba abẹ́rẹ́ hepatitis B láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i. Lẹ́yìn náà, ó tún gbọ́dọ̀ gba méjì tàbí mẹ́ta sí i.

Bí ọmọ bá gba gbogbo rẹ̀ pé, àjẹsára náà ń dáàbò bo ohun tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á. Ààbò yẹn máa ń wà fún ó kéré tán ogún ọdún.

Kí ni ètò ìjọba Nàìjíríà sọ?

Lórí ìwé, kò sí ohun tó ṣe ètò náà.

Káàdì àjẹsára tí wọ́n ń fún ìyá ọmọ sọ pé nígbà ìbímọ, ọmọ á gba BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, á lá oògùn rọpárọsẹ̀, á sì gba hepatitis B. Nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, á gba abẹ́rẹ́ pentavalent, èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí hepatitis B sì wà lára wọn. Ọdún 2012 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo pentavalent.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé bí ọmọ bá ti gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pẹ́ jù fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò náà lára.

Ètò Nàìjíríà gbà kí wọ́n ṣì fún ọmọ ní ti ìbímọ títí di ọjọ́ kẹrìnlá bí kò bá rí i gbà ní ọjọ́ kìíní. Kí ó pẹ́ sàn ju kó má gbà á rárá lọ, ṣùgbọ́n wákàtí 24 ni àfojúsùn.

Lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO, pẹ̀lú Nàìjíríà, fẹnu kò pé tó bá fi máa di ọdún 2030, àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó hepatitis gbọ́dọ̀ dín kù ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn tó ń kú sì dín kù ní ìdá 65.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó pè ní Project 365, láti máa ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú hepatitis káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, láì dúró de ọjọ́ ayẹyẹ nìkan.

Níbo ni okùn ti ń já?

Ọ̀nà mẹ́rin ni abẹ́rẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ fi ń bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń bímọ. Ìwádìí NDHS tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ìyẹn ni pé ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n bí sínú ilé, sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tàbí síbòmíràn tí kò sí abẹ́rẹ́. Èyí pọ̀ ní apá àríwá ju gúúsù lọ.

Ní ọ̀pọ̀ àwùjọ, ìyá àti ọmọ tuntun kì í tètè jáde. Láàárín àwọn Hausa, ogójì ọjọ́ ni ìyá sábà máa ń fi sinmi nílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan kì í fẹ́ gbé ọmọ jáde kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Àṣà yìí kò burú, ó ń fún ìyá ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè lọ bá abẹ́rẹ́, ó di dandan kí ètò ìjọba gbé abẹ́rẹ́ lọ bá ọmọ.

Èkejì ni ọjọ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́.

Ká ní ìyá kan bímọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, abẹ́rẹ́ wà nínú fìríìjì, síbẹ̀ àkókò rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ìgò abẹ́rẹ́ náà. Ìgò tó gba ọmọ mẹ́wàá ló wọ́pọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ọmọ kan ṣoṣo wà níwájú rẹ̀ lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá ṣí ìgò náà, ti ọmọ mẹ́sàn-án á ṣòfò. Á wá ní kí wọ́n dúró kí ọmọ pọ̀.

Òótọ́ ni pé BCG tí wọ́n bá ti ṣí gbọ́dọ̀ di dídànù láàárín wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ti hepatitis B kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà WHO gbà kí ìgò tí wọ́n ti ṣí wà fún ọjọ́ 28, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tí wọ́n sì pa ìlànà ìmọ́tótó mọ́. Nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń fún ọmọ ní méjèèjì, ó rọrùn láti ṣe hepatitis B bí wọ́n ṣe ń ṣe BCG.

Ẹ̀kẹrin ni pé iṣẹ́ ta ni? Agbẹ̀bí tó gba ọmọ lè sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ ni. Àwọn yẹn náà lè ti lọ sílé nígbà tí wọ́n bí ọmọ. Ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan, abẹ́rẹ́ náà kì í sí nílẹ̀, wọ́n á ní kí òbí gbé ọmọ lọ sí ti ìjọba.

Ohun tó yẹ kó yí padà nínú ọ̀nà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí kò nílò ilé ìwòsàn tuntun. Ó nílò kí abẹ́rẹ́ wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, kí agbẹ̀bí ní àṣẹ láti fún ọmọ ní gbogbo ọjọ́, kí wọ́n sì kọ wákàtí tó gbà á sínú káàdì, yàtọ̀ sí déètì nìkan. Ohun tí wọn kò bá kọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀.

Ti àwọn tó ń bímọ nílé ló nira jù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ hepatitis B lè fara da ooru ju ọ̀pọ̀ àjẹsára mìíràn lọ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kíákíá ni kó dì bíi yìnyín. Èyí jẹ́ kó ṣeé ṣe fún òṣìṣẹ́ ìlera abúlé láti gbé e lọ sílé aláboyún tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bá tètè pè é lórí fóònù.

Ǹjẹ́ wọ́n lè dá a dúró kí wọ́n tó bí ọmọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ṣe, èsì rẹ̀ sì máa ń jáde kí wákàtí kan tó pé.

Nínú ìlànà tuntun tí WHO gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sọ pé aláboyún tó ní kòkòrò náà lè máa lo oògùn tenofovir láti oṣù kẹrin oyún síwájú, kí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Níbi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò tó ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, WHO ní wọ́n lè fún gbogbo aláboyún tó ní in ní oògùn náà.

Tenofovir kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ó wà lára oògùn tí àwọn tó ní HIV ń lò lójoojúmọ́. WHO sọ pé ó ṣeé ṣe láti rà á ní dọ́là 2.40 fún oṣù kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni owó. HIV ní owó ìrànwọ́ ńlá láti òkèèrè, hepatitis B kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìyá kan náà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún HIV ni wọ́n á ní kó sanwó fún ti hepatitis. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ṣe é.

WHO fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè so HIV, syphilis àti hepatitis B pọ̀ nínú àyẹ̀wò aláboyún, kí wọ́n lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni Gambia àti Íjíbítì ṣe?

Gambia kò lọ́rọ̀ tó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1986 ni ìjọba ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, IARC, àti àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MRC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní àjẹsára hepatitis B. Nígbà tó di ọdún 1990, ó ti kárí orílẹ̀-èdè náà.

Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014, nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà, fi hàn pé nínú àwọn tó gba àjẹsára, àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí kò gbà á, ó tó méjìlá.

Ní Gambia pàápàá, àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì máa ń gba abẹ́rẹ́ ìbímọ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìṣòro àkókò yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

Ti Íjíbítì yàtọ̀. Hepatitis C ló bá wọn fínra. Láàárín ọdún 1950 sí 1980 àti díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba ibẹ̀ ń fún àwọn ará abúlé lábẹ́rẹ́ láti wo àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń lo abẹ́rẹ́ kan fún èèyàn púpọ̀ láì sè é dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń wo àrùn kan ni wọ́n ń tan òmíràn kálẹ̀.

Kò tíì sí àjẹsára fún hepatitis C, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń wò ó sàn pátápátá láàárín oṣù mẹ́ta. Lọ́dún 2018, Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún ẹgbàágbèje àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì ń lo oògùn tí wọ́n ṣe nílé láti dín owó kù.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, WHO kéde pé Íjíbítì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba ipò wúrà lójú ọ̀nà àtilé hepatitis C lọ. Wọ́n ti rí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, wọ́n sì ti fún ìdá 93 nínú àwọn tí wọ́n rí ní oògùn.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Nasarawa náà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ láti lé hepatitis C lọ lọ́dún 2020.

Ohun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi jọra ni pé ìjọba kò dúró kí aláìsàn wá bá òun. Òun ló lọ bá wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ti fi abẹ́rẹ́ yìí sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ti ń jáde lórí ayélujára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àjẹsára dìbò pé kí wọ́n má ṣe sọ abẹ́rẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ di ti gbogbo ọmọ mọ́. Wọ́n ní kí ìyá tí àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní kòkòrò náà bá dókítà jíròrò kó tó pinnu. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà lòdì sí ìpinnu yìí.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún òbí ní Nàìjíríà ni èyí: ìgbìmọ̀ náà kò ní kí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní hepatitis B, tàbí tí wọn kò mọ bóyá ó ní in, má gbà á mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò hepatitis B wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìyá ló bímọ láì ṣe é rí. Ìmọ̀ràn WHO fún Áfíríkà kò yí padà: gbogbo ọmọ, láàárín wákàtí 24.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń sá fún àyẹ̀wò?

Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Àwọn kan ti pàdánù iṣẹ́ tàbí àdéhùn ìgbéyàwó nítorí èsì àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn gbà pé ìdájọ́ ikú ni, tàbí pé ẹnì kan ló fi ṣe wọ́n.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kò tíì sí oògùn tó ń lé hepatitis B kúrò lára pátápátá. Ṣùgbọ́n tenofovir lè tẹ̀ ẹ́ lórí ba fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì dín ewu jẹjẹrẹ kù. Ẹni tó bá mọ̀ ní kùtùkùtù lè pẹ́ láyé.

Ẹni tó bá ní òun ń ta àgbo tó ń wẹ hepatitis B kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ń tan èèyàn ni. Àwọn àgbo kan tún lè ba ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn jẹ́ sí i.

Kí lẹ lè ṣe?

• Bí ẹ bá lóyún, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún hepatitis B, ẹ sì béèrè èsì rẹ̀.

• Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ẹ bi ilé ìwòsàn tàbí agbẹ̀bí pé, "Ṣé abẹ́rẹ́ hepatitis B ọjọ́ àkọ́kọ́ wà níbí? Ta ló máa fún ọmọ mi bó bá jẹ́ òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀ ni mo bí i?"

• Bí ẹ bá bímọ sílé, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ, ìyá àgbà tàbí ará ilé kan gbé ọmọ lọ, tàbí kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ ìlera, lọ́jọ́ náà gan-an.

• Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ẹ ṣì lọ gbà á.

• Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 pé.

• Àgbàlagbà tí kò gbà á rí lè ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá sí kòkòrò náà lára rẹ̀, ó lè gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta: èyí àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lóṣù kẹfà. Òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ gbà á.

• Bí ẹnì kan nílé bá ní in, kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe ya àwo oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, abẹ àti ohun ìgé-èékánná ni kí ẹnikẹ́ni má bá a lò pọ̀.

• Nílé onígbàjámọ̀ àti lọ́dọ̀ ẹni tó ń dákọ́ tàbí sín gbẹ́rẹ́, bíléèdì tuntun ni kí ẹ béèrè.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ni ayájọ́ àrùn hepatitis lágbàáyé. Wọ́n mú ọjọ́ yẹn nítorí pé òun ni ọjọ́ ìbí Baruch Blumberg, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣàwárí kòkòrò hepatitis B, tó sì wà lára àwọn tó ṣe àjẹsára rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1976.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àjẹsára hepatitis B ti wà láyé. Ohun tó kù fún Nàìjíríà ni láti rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, yálà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tàbí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.